Ojú Rí I, Ẹnu Ńkọ́? Àyẹ̀wò Àwòrán Afàkókògùn nínú Fíìmù Mẹ́ta

1. Ìfáàrà

Kò wọ́pọ̀ mọ́ lóde òní kí a wo fíìmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí a má rí ibi tí ẹni tí ó ń sáré yóò ti ṣàdédé máa gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ó ń la odò kọjá, tàbí ibi tí omi tí ó dànù yóò ti máa fò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní sìlóò-móṣọ̀n. Nígbà kan, iṣẹ́ olówó ńlá ni, nítorí pé bí kámẹ́rà bá ṣe ń sáré tó ni ó ṣe ń jẹ fíìmù tó. Kámẹ́rà tuntun kò jẹ fíìmù mọ́. Inú ibi ìpamọ́ bíi ti kọ̀ǹpútà ni ó ń kó àwòrán sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí àgbà olùdarí ń ronú lé lórí kí ó tó ṣe é ti di ohun tí ọmọ iléèwé ń fi tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ohun tí ó bá sì ti wọ́pọ̀ tó báyìí, àwọn ènìyàn kì í sábà bi í léèrè mọ́ pé kí ni ó wá ṣe.

Ìbéèrè náà gan-an ni a fẹ́ béèrè nínú iṣẹ́ yìí. Èrò wa ni pé nígbàkígbà tí olùdarí fíìmù bá fa àkókò gùn, ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òṣèré rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó tó ọ̀rọ̀ rọ́pò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè ni.

Fíìmù mẹ́ta ni a ó fi dán èrò yìí wò: Antichrist (2009) àti Melancholia (2011), tí Lars von Trier ará Dẹ́ńmáàkì darí, àti Dredd (2012), tí Pete Travis darí. A kò ṣàdédé yàn wọ́n. Olùdarí kan náà ni ó ṣe méjì àkọ́kọ́. Ayàwòrán kan náà, Anthony Dod Mantle, ni ó sì wà lẹ́yìn kámẹ́rà nínú Antichrist àti Dredd. Kámẹ́rà tí a ń pè ní Phantom ni wọ́n fi ya àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, nǹkan kan ń já bọ́ láti òkè. Bí irinṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀kan náà tí àbájáde rẹ̀ sì yàtọ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe irinṣẹ́ ni ó yẹ kí a yìn tàbí kí a bú.

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú wa láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, a ó sì sọ ọ́ ní ìpín kẹfà, lẹ́yìn tí a bá ti rí ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń ṣe.

2. Orúkọ rẹ̀ àti bí a ti ń ṣe é

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún ohun tí a ń sọ ní orúkọ. Èyí tí ó tètè wá sí ni lọ́kàn ni 'àwòrán afalẹ̀'. Orúkọ yìí kò burú, ṣùgbọ́n ó ní àléébù méjì. Èkíní, èébú wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe 'falẹ̀': ẹni tí kò tètè ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni a ń sọ pé ó ń falẹ̀. Èkejì, orúkọ náà ń ṣi ni lọ́nà, nítorí pé kámẹ́rà tí ó ń ya irú àwòrán yìí kì í falẹ̀ rárá. Ńṣe ni ó ń sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí ó gùn ni àkókò tí òǹwòran fi ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ni a fi dábàá 'àwòrán afàkókògùn', tí a ṣẹ̀dá ní ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá 'amóhùnmáwòrán'. Bí akẹgbẹ́ wa kan bá ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ṣe tán láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Fíìmù kì í ṣe àwòrán kan ṣoṣo tí ó ń rìn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò tí kò mira ni, tí a ń fi han ojú ní kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi rò pé wọ́n ń rìn. Iye tí a máa ń fi hàn nínú sinimá ni 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá ya 24, ohun gbogbo yóò rí bí ó ti rí lójú ayé. Bí ó bá ya 48, ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò di méjì lójú òǹwòran. Bí ó bá ya 120, yóò di márùn-ún. Bí ó bá sì ya 1000, ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo yóò lé ní 41.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ sí àárín èyí àti ohun tí àwọn kan ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń to fíìmù lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn yìí ya àwòrán wọn bí a ti ń yà á lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fà á. Kò sí ohun tuntun kan nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀: fọ́tò 24 kan náà ni yóò máa tún ara wọn ṣe, tàbí kí kọ̀ǹpútà fi àbá ṣẹ̀dá àwọn tí kò sí láàárín wọn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀rí, nítorí pé kámẹ́rà rí i. Ti èkejì jẹ́ àbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti pinnu kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ó tún gbọ́dọ̀ san gbèsè ìmọ́lẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ń ya 1000 fọ́tò, fọ́tò kọ̀ọ̀kan kò ní rí ju ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ láti fi gba ìmọ́lẹ̀ sára, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí yóò tó o yóò súnmọ́ ìlọ́po 42 ti àtẹ̀yìnwá. Iná mànàmáná pàápàá a máa tú àṣírí ara rẹ̀. Níbi tí iná ti ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó ti rí ní Nàìjíríà àti ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ gílóòbù a máa tàn kí ó sì tún rẹlẹ̀ ní ìgbà 100 láàárín àkókò yẹn. Ojú wa kì í rí i. Kámẹ́rà yìí rí i, gbogbo yàrá a sì máa ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni bí Phantom ti ń pa àwòrán mọ́. Ó lè máa ya àwòrán láìdúró sínú ibi ìpamọ́ tí kò gbà ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí ibẹ̀ bá ti kún, tuntun a máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ayàwòrán lè dúró títí ohun tí ó ń retí yóò fi ṣẹlẹ̀ tán kí ó tó tẹ bọ́tìnnì, kámẹ́rà yóò sì fún un ní ohun tí ó ti kọjá. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kámẹ́rà yìí lè gbé ẹyin náà padà wá sójú wa lẹ́yìn tí ó ti fọ́, kí a rí i láti ìgbà tí ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un. Ṣùgbọ́n kò lè gba ohùn.

Ìfẹ́ láti rí ohun tí ojú kò lè bá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1878 ni Eadweard Muybridge fi ọ̀wọ́ kámẹ́rà ya ẹṣin tí ó ń sáré ní Kalifóníà, tí ó sì fi hàn pé ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin ń kúrò nílẹ̀. Ní 1954, Akira Kurosawa ará Japan fa àkókò gùn níbi tí olè kan ti ṣubú kú nínú Seven Samurai. Ní 1967, Arthur Penn ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìparí Bonnie and Clyde. Láti ìgbà náà ni ikú àti àwòrán afàkókògùn ti di ọ̀rẹ́ tí kì í fi ara wọn sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ni a ó rí nínú àwọn fíìmù mẹ́ta wa.

3. Antichrist: ojú tí a kò fi hàn wá

Fíìmù yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán dúdú àti funfun. Ọkọ àti aya kan, tí Willem Dafoe àti Charlotte Gainsbourg ṣe, ń bá ara wọn lò pọ̀. Yìnyín ń bọ́ lóde. Ọmọ wọn kékeré jáde kúrò níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ó gun tábìlì, ó dé ojú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, ó sì já bọ́ pẹ̀lú ohun ìṣeré rẹ̀. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Orin Handel kan ni ó ń lọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Àwòrán náà gùn, ó mọ́, ó sì dán: ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan, èérún yìnyín kọ̀ọ̀kan, ni a rí.

Nígbà tí a kọ́kọ́ wò ó, a bínú sí i. Ó dà bí ẹni pé olùdarí ń fi ikú ọmọ ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ìyá kan bá wà nínú àwọn òǹwòran tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kí ni ẹwà yìí yóò sọ fún un? Ẹ̀sùn yìí kò tíì kúrò lọ́kàn wa pátápátá.

Ṣùgbọ́n bí fíìmù náà ti ń lọ sí òpin, ìrántí kan wá sọ́kàn obìnrin náà, a sì tún padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nínú ìrántí yìí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì ń wo ọmọ náà bí ó ti ń gun òkè lọ. Fíìmù náà kò sọ fún wa bóyá òtítọ́ ni ìrántí náà tàbí ẹ̀bi ni ó ń fi í sùn. Bí ó ti wù kí ó rí, ó sọ ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà di ohun mìíràn. Kámẹ́rà tí ó la ojú tó bẹ́ẹ̀, tí ó ka èérún yìnyín fún wa, kò fi ibi tí ìyá ń wò hàn wá. A rò pé a ti rí ohun gbogbo nítorí pé a fún wa ní àkókò láti wò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni a kò rí.

Níhìn-ín, ìdákẹ́jẹ́ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó ń ṣe bí ẹlẹ́rìí tí ó sọ gbogbo ohun tí ó rí nílé ẹjọ́ àfi ọ̀kan, tí ẹjọ́ sì wá dá lórí ọ̀kan yẹn. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé àwòrán tí ó gùn kì í ṣe òtítọ́ tí ó pọ̀ sí i. Síbẹ̀, àbùkù rẹ̀ wà: ẹni tí kò bá dé ìparí fíìmù náà kò ní mọ̀ ju pé ikú dára ní wíwò lọ.

4. Melancholia: òwú tí ó di ẹsẹ̀ mú

Ìbẹ̀rẹ̀ Melancholia tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìró ohùn-èlò tí ó ṣáájú Tristan und Isolde ti Wagner ni a sì ń gbọ́. Manuel Alberto Claro ni ayàwòrán. Justine, tí Kirsten Dunst ṣe, la ojú, àwọn òkú ẹyẹ sì ń bọ́ láti ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Ẹṣin dúdú kan ń ṣubú sẹ́yìn. Claire ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí Charlotte Gainsbourg ṣe, gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sá la pápá gọ́ọ̀fù kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń rì sínú koríko. Justine wà nínú aṣọ ìgbéyàwó, ohun kan bí òwú tàbí ìtàkùn sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ayé mìíràn tí ó tóbi ju tiwa lọ kọ lu ayé wa, tiwa sì run. Gbogbo èyí ti parí kí ìtàn fíìmù náà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kámẹ́rà mìíràn, tí ayàwòrán gbé lọ́wọ́, wá ń mì kiri láàárín àwọn tí ó wá síbi ìgbéyàwó Justine, tí ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu wọn.

Ohun méjì ni ó mú kí a gbà pé ìfàgùn àkókò yìí tọ́. Èkíní ni pé ó bá ìwà Justine mu. Justine jẹ́ ẹni tí ó mọ ohun tí a kò sọ fún un. Ní ibi ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn àlejò ṣe ìṣirò iye ẹ̀wà tí ó wà nínú ìgò kan. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún Claire pé 678 ni, ó sì sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Nígbà tí a bá gbọ́ èyí, a ó wá mọ̀ pé àwọn àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bí ẹni tí ó ti mọ òpin ọ̀rọ̀ ṣe ń wo ayé ni. Ẹni tí ó mọ̀ pé ilé yóò wó kì í sáré. Ó ń wo ògiri.

Èkejì ni ó ṣe pàtàkì jù fún àwa olùkọ́ èdè. Nígbà tí ìgbéyàwó ń lọ lọ́wọ́, Justine gbìyànjú láti ṣàlàyé ìbànújẹ́ rẹ̀ fún Claire. Ó ní ó dà bí ẹni pé òun ń wọ́ ẹsẹ̀ la òwú eléérú kan kọjá, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ òun lẹ́sẹ̀. A ti rí òwú náà kí a tó gbọ́ ọ. Ohun tí ó jẹ́ àlọ́ nígbà tí a rí i di ìjẹ́wọ́ nígbà tí ẹnu sọ ọ́. Bí a bá yọ àwòrán kúrò, gbólóhùn náà yóò jẹ́ àfiwé bí àfiwé mìíràn. Bí a bá yọ gbólóhùn kúrò, àwòrán náà yóò jẹ́ ìyàwó tí ó ń bá okùn jà. Kámẹ́rà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Justine ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dá a padà fún un nígbà tí ó yẹ. Fọ́tò tí kò mira kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé a gbọ́dọ̀ rí i pé ó ń gbìyànjú láti lọ, kí a sì rí i pé kò lọ.

A kò ní torí èyí sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó yọrí. Níbi tí Justine ti sùn sójú omi pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, ẹni tí ó bá mọ àwòrán Ophelia tí Millais kùn yóò mi orí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rí obìnrin arẹwà nínú omi, irú èyí tí àwọn tí ń ta lọ́fínńdà ń fi polówó. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú fíìmù náà tí ó padà wá gbé ibẹ̀ ró. Ẹwà ni ó dá dúró níbẹ̀, kò sì ní alábàárò.

5. Dredd: àkókò ta ni a ń wò?

Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ya Dredd, ṣùgbọ́n ìlú inú ìtàn ni Mega-City One, níbi tí àwọn adájọ́ ti ń mú ọ̀daràn, tí wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń pa á lójú kan náà. Obìnrin kan tí a ń pè ní Ma-Ma, tí Lena Headey ṣe, ń ta oògùn olóró kan láti òkè ilé alájà 200. Iṣẹ́ oògùn náà ni pé ẹni tí ó bá fà á símú yóò rò pé àkókò ń rìn ní ìdá kan péré nínú 100 bí ó ti yẹ kí ó rìn. Alex Garland ni ó kọ ìtàn náà, a sì gbọ́dọ̀ gbóríyìn fún ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: ìfàgùn àkókò ti kúrò ní ohun tí olùdarí fi ń ṣe fọ́ńté, ó ti di ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn inú ìtàn. Nígbà tí Ma-Ma jókòó sínú omi ìwẹ̀ tí ó sì ta omi sókè, tí ẹ̀kán omi ń tàn yanran lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí yóò béèrè ìdí. Ojú rẹ̀ ni a fi ń wò ó.

Ìbéèrè tí a ó fi wọn fíìmù yìí, nítorí náà, ni pé: àkókò ta ni a ń wò? Níbi tí àwọn adájọ́ ti já wọ yàrá àwọn tí ó ti fa oògùn náà, ọta ìbọn gba inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin kan kọjá, a sì rí bí ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti ń ru. Lóòótọ́, ọkùnrin náà ti mu oògùn. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Àkókò rẹ̀ ni wọ́n yá lò, ojú tiwa ni wọ́n fi wò ó. Ní ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti yẹ̀, tí ó sì di ìdùnnú lórí ìyà ẹlòmíràn.

Ní ìparí, ó tún ẹsẹ̀ mú. Dredd, tí Karl Urban ṣe, ka ẹ̀sùn Ma-Ma sí i létí, ó sì dá ẹjọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ohùn ojoojúmọ́ tí kò gùn tí kò kúrú. Lẹ́yìn náà ni ó mú kí ó fa oògùn ara rẹ̀ símú, tí ó sì jù ú sísàlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, ọ̀nà yìí gan-an ni Ma-Ma ní kí a gbà pa àwọn ọkùnrin mẹ́ta. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìṣubú náà gùn, ó sì yẹ kí ó gùn, nítorí pé ó gùn fún òun fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì ṣàkíyèsí ètò rẹ̀: ọ̀rọ̀ ìdájọ́ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu pátápátá kí àwòrán tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí orin bá dípò ìdájọ́ náà, ìpànìyàn lásán ni à bá rí.

6. Ohùn àti àwòrán lọ́dọ̀ wa

A ti wá dé ibi tí a ti ṣèlérí. Ní ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, a wà lára àwọn tí ó yẹ àwọn eré kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi kámẹ́rà ṣe wò. Ọ̀kan nínú wọn dá lórí ẹkún ìyàwó. Àwọn ọmọ náà gbìyànjú: wọ́n lọ sí abúlé kan, wọ́n bá ìyá àgbà kan tí ó sun ẹkún tirẹ̀ kí ó tó lọ ilé ọkọ nígbà èwe rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó sun ún fún wọn. Ìyá náà gbà, ó sì sun ún. Nígbà tí a wo eré wọn, a rí ojú ìyá yìí, a rí omi ojú rẹ̀ bí ó ti ń yí bọ̀ lórí ìlà ojú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó dán bí ìrì. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Orin òyìnbó kan ni ó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. A béèrè. Olórí wọn dá wa lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà, fọ́tò 120 ni a fi yà á, kámẹ́rà náà kì í sì í gba ohùn bí a bá yí i sí ibẹ̀." Wọn kò gbé ẹ̀rọ mìíràn kalẹ̀ láti gba ohùn. A ní kí wọ́n padà lọ. Wọ́n padà lọ, ìyá náà kò sì bínú, ṣùgbọ́n ẹkún mìíràn ni ó sun fún wọn, ó kúrú, ó sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé kò lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ti lọ.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ náà nìkan. Bí ẹ̀rọ ti rí ni. Nígbà tí àkókò bá gùn ní ìlọ́po márùn-ún, ẹnu ènìyàn a máa ṣí kí ó sì pa dé láìsí ohun tí a lè gbọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá gba ohùn náà pàápàá tí a sì fà á bí a ti ń fa téèpù, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò jùmọ̀ rẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ní parẹ́, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì yóò di ìkùn, fáwẹ̀lì yóò sì gùn ju ohun tí etí lè so pọ̀ di ọ̀rọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà lè fà á kí ó má rẹlẹ̀. Síbẹ̀, gbólóhùn tí ó gùn ní ìlọ́po márùn-ún kì í ṣe gbólóhùn mọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ olùdarí fi ń pa ohùn, tí wọ́n sì ń fi orin dí i.

Fún von Trier, kò sí àdánù ńlá níbẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí àṣà rẹ̀ ní kí a sọ nígbà tí ẹyẹ bá ń bọ́ láti ọ̀run. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn àkókò tí ó wu àwọn olùdarí eré àgbéléwò láti fà gùn ni àwọn àkókò tí àṣà ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún: ìyàwó ń kúrò nílé, ọba ń gun orí ìtẹ́, eégún ń jáde, òkú ń wọ ilẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí oríkì wà, tí ó yẹ kí ọfọ̀ tàbí ẹkún wà, ni a ti ń rí agbádá tí ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìró dùùrù.

Bí a bá sì wò ó dáadáa, a ó rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fúnra wọn jẹ́ afàkókògùn. Kí ni ìyàwó ń ṣe gan-an ní ọjọ́ ẹkún rẹ̀? Ó ń ré ìloro baba rẹ̀ kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni ẹsẹ̀ fi ń ṣe é. Ẹkún ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó gba ìrọ̀lẹ́ kan: ó dúró lọ́dọ̀ ìyá, ó dúró lọ́dọ̀ baba, ó dúró lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ó sì rí ohun tí ẹni tí ó sáré kọjá kò lè rí. Oníjàálá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹranko tí ó sáré ré ọdẹ kọjá nínú igbó kò pẹ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ oníjàálá yóò dá a dúró, yóò ka ìwo rẹ̀, yóò ka àwọ̀ rẹ̀, yóò sọ bí ó ti ń rìn. Ìjálá ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí kí kámẹ́rà tó dé. Olùdarí tí ó bá pa ẹkún ìyàwó kí ó lè fa omi ojú gùn ti fi afàkókògùn kan rọ́pò èkejì, ó sì ti fi èyí tí ó mọ ìdí ẹkún sílẹ̀, ó mú èyí tí kò mọ ju omi lọ.

7. Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo àwòrán afàkókògùn mọ́. Melancholia ti fi hàn wá pé ó lè gbé ọ̀rọ̀ ró títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé. Dredd fi hàn wá pé ó dára kí ó ní olóhun nínú ìtàn, kí ó sì jẹ́ kí ẹnu kọ́kọ́ parí iṣẹ́ rẹ̀. Antichrist kìlọ̀ fún wa pé àwòrán tí ó gùn lè fi òtítọ́ pamọ́ sí gbangba. Ohun tí a ń sọ ni pé kí olùkọ́ tí ó bá ń yẹ eré akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò béèrè ohun mẹ́ta níbikíbi tí àkókò bá ti gùn. Èkíní: kí ni mo rí níhìn-ín tí n kò bá má rí bí ó bá yá? Èkejì: àkókò ta ni èyí? Ẹ̀kẹta: ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí ó wà níbí, níbo ni ó sì wà nínú eré yìí?

Ìmọ̀ràn ṣíṣe kan ṣoṣo ni a ó fi kún un. Kí a gba ohùn ná. Kí a gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń sun ẹkún, kí a gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní bí ó ti ń lọ. Lẹ́yìn tí ó bá parí, bí ó bá wù wá, kí a wá yí kámẹ́rà sí 120, kí a wá ya ọwọ́ rẹ̀, tàbí ìloro tí ó ré kọjá. A lè tún ọwọ́ yà lọ́la.

Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti to eré wọn lẹ́ẹ̀kejì. Ẹkún kúkurú náà wà nínú rẹ̀ pátápátá báyìí, ojú ìyá náà sì ń mira bí ojú ènìyàn. Ní ìparí ni wọ́n fi omi ojú ti ọjọ́ àkọ́kọ́ sí, láìsí orin kankan lábẹ́ rẹ̀. Ó dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n àwa tí a jókòó síbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ni ó fa omi yẹn jáde, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún wa mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́.